Ife Kọfí Tí Bàbá Gbé Sílẹ̀

Láti ìgbà tí bàbá mi ti pè mí láàárọ̀ pé òun ti kúrò ní Kárákì ni ìdí mi ò ti gbé ìjókòó. Mo jókòó, mo dìde. Mo tú wáyà, mo tún un so. Mo nu tábìlì tí mo ti nù, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ wo ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí bí ẹni tí wọ́n jí ewúrẹ́ ẹ̀ gbé. Bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé láti Kárákì, ìlú wa, dé Ámáánì, olú ìlú Jọ́dánì, pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi tó ń wúkọ́ ju bó ṣe ń rìn lọ, ọ̀sán ni yóò tó dé.

“Rúlà, jókòó jàre,” Lùjéínì sọ fún mi. “Òòyì ẹ ti ń kọ́ mi.”

Ọ̀rẹ́ mi ni Lùjéínì, ọmọ Ámáánì gidi, tábìlì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nínú gbọ̀ngàn tí a ti fẹ́ fi iṣẹ́ òpin ọdún wa han àwọn olùkọ́. Aṣọ kan ni òun ṣe, tó ní yóò máa tan iná bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ń parọ́. Èmi ò rí i kó tàn rí, àfi ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ wọ̀ ọ́.

“Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ ṣá?” mo bi í.

“Aṣọ mi àbí kọfí ẹ?”

“Kọfí mi ni o!”

“Ó ṣiṣẹ́ lánàá. Ó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo ti mu kọfí kíkorò yẹn débi pé ojú mi ò lè pa dé mọ́. Kí lo tún ń fẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run?”

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ síbi tí mo wà.

Ẹ̀ka tí mo wà ní yunifásítì yìí, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń kọ́ wa pọ̀: ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọnà, àti fíìmù. Ìwọ tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní ohun tó máa ṣe láàárọ̀, ìwọ náà ni yóò máa fi ayùn gé pákó lọ́sàn-án, tí wọn yóò tún ní kí o wá gbé kámẹ́rà nírọ̀lẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń nà mí pé n kì í dúró síbì kan. Ibí yìí ni ibi àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni ti yìn mí nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n máàkì tí mo fi jáde níléèwé gírámà tó láti kọ́ iṣẹ́ apòògùn, àbúrò bàbá mi sì ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní Kárákì tó ń wá ẹni ilé tí yóò bá a dúró sí i.

“Kí ni kí n sọ pé o ń kọ́?” bàbá mi bi mí lọ́dún tó kọjá. “Bí mo bá dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn àgbà, wọ́n á ní ọmọ Àgábì ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, ọmọ Fálíhì ń kọ́ òfin. Tèmi ńkọ́?”

“Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọnà, àti fíìmù, Bàbá.”

“Ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò mú. Ìwọ wá ń lé mẹ́ta.”

“Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń sá wọ ihò kan náà ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kì í ṣe òkúrorò ènìyàn. Ó fún mi ní ọdún kan. Ó ní bí ọdún bá parí, òun yóò wá fi ojú ara òun wo ohun tí mo ṣe, lẹ́yìn náà ni òun yóò sọ bóyá kí n dúró, tàbí kí n kó ẹrù mi lọ kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Òní ni ọdún náà pé.

“Ṣé bàbá ẹ le ni?” Lùjéínì bi mí.

“Kò le. Ó mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ ni. Ìyẹn burú ju kó le lọ.”

Òótọ́ ni mo sọ. Bí wọ́n bá fẹ́ tọrọ ìyàwó tàbí parí ìjà ní agbègbè wa, bàbá mi ni wọ́n máa ń mú ṣáájú, a ò sì gbọ́ ọ rí pé ó lọ bẹ̀bẹ̀ kó padà lọ́wọ́ òfo.

Ohun tí mo ṣe náà nìyí. Tábìlì rọ́bótó kúkurú kan ni. Lórí rẹ̀, dálà, ìkòkò kọfí ẹlẹ́nu gígùn, wà lórí irin kan tó lè tẹ̀ síwájú, kó sì padà. Láti òkè àjà, iná fíìmù ń tan àwòrán ọwọ́ kan sára dálà náà, tó fi dà bíi pé ọwọ́ yẹn ló dì í mú. Àwo idẹ pẹlẹbẹ kan wà níwájú àlejò, ìwọ̀n sì wà lábẹ́ àwo náà. Bí ife òfìfo bá wà lórí àwo, ìwọ̀n á mọ̀, irin á tẹ̀, kọfí gidi á dà sínú ife, ọwọ́ inú fíìmù á sì máa bá a rìn. Àlejò á gbé e, á mu ún, á dá ife padà. Ọwọ́ á tún dà á. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí àlejò yóò fi mi ife lọ́wọ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń mì í, pé ó tó. Ohun kékeré kan bí hóró àgbàdo tí mo lẹ̀ mọ́ ìdí ife á mọ̀ pé wọ́n mì í, ọwọ́ á sì gbé dálà sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọwọ́ Àlàájà ni, ìyá bàbá mi. Nílé ẹlòmíràn, ọkùnrin ló ń da kọfí fún àlejò. Nílé wa, láti ìgbà tí bàbá àgbà ti kú ni Àlàájà ti gba dálà, kò sì sí ọkùnrin tó láyà àtigbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Àmì búlúù mẹ́ta wà lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fín sí i nígbà ọmọge, ìka àárín rẹ̀ sì wọ́, torí ilẹ̀kùn ilé tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì ti há a mọ́lẹ̀ rí. Mo fi fóònù ya ọwọ́ yẹn nígbà tó ń da kọfí, eré lásán ni mo ń ṣe. Nígbà tí òtútù dé, Àlàájà kú.

Apá kan wà nínú fíìmù náà tó jẹ́ pé ńṣe ló kàn ń dúró. Ó gbé dálà sókè, ó ń retí kí àlejò mu tọwọ́ rẹ̀ tán kó lè dà á sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ torí dálà wúwo. Apá yẹn ni mo ní kí kọ̀ǹpútà máa tún ṣe nígbà tí kọfí bá ṣì wà nínú ife. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá mi pé Àlàájà ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kó bá a lójijì.

Àwọn olùkọ́ mẹ́ta tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò ti dé. Dókítà Gassán ló ń kọ́ wa ní ẹ̀rọ, Ùstáàsì Nidálì ló ń kọ́ wa ní fíìmù, Màdáámù Lámísì ló ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà, òun náà sì ni olórí wọn. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni wọ́n ń jà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

“Ìwọ̀n yẹn ni iṣẹ́,” ni Dókítà Gassán ń wí. “Fíìmù, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.”

“Ẹ yọ fíìmù kúrò, kí ẹ wo bóyá kò ní di ẹ̀rọ ilé kọfí,” Ùstáàsì Nidálì dá a lóhùn.

“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ jókòó,” Màdáámù Lámísì sọ.

Ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín ni mo ti gbọ́ ohùn bàbá mi lẹ́nu ọ̀nà, tó ń kí gbogbo ènìyàn ní sàláámà bíi pé òun ló ni ilé náà. Mo yíjú. Ó wé láwàní pupa àti funfun rẹ̀ sórí, okùn dúdú wà lórí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n aṣọ àwọ̀lékè dúdú onígóòlù létí, èyí tó máa ń wà nínú ọ̀rá títí wọn ó fi ní kó ṣáájú àwọn àgbà lọ síbì kan, òun ló wọ̀. Mo rò pé ó fi ń yẹ́ mi sí ni. Orí mi wú.

“Bàbá, ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ wá jókòó.”

“O ti gbẹ o, Rúlà. Ṣé ìwọ náà ń jẹun níbí, àbí wáyà nìkan lẹ̀ ń jẹ?”

“Wọ́n ń jẹun, Àlàájì,” ni Màdáámù Lámísì dá a lóhùn. “Òun ni kì í jókòó jẹ ẹ́.”

“Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n tán,” bàbá mi sọ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ó jókòó sí orí tìmùtìmù níwájú tábìlì. Mo fa aṣọ dúdú sójú fèrèsé. Iná fíìmù tàn, irin tẹ̀, kọfí dà sínú ife láìkán sílẹ̀. Dókítà Gassán mi orí. Bàbá mi fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ife náà. Ojú mi ló ń wò, kò wo tábìlì rárá. Ó wá gbé ife padà sórí àwo idẹ náà bí wọ́n ṣe dà á fún un, kò fẹnu kàn án. Ó tún aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀ ṣe léjìká, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún.

Irin dúró. Ọwọ́ inú fíìmù gbé dálà sókè, ó ń retí.

“Ó ti há,” Dókítà Gassán sọ, ó ti ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì. “Ìwọ̀n ò ṣiṣẹ́.”

“Ìwọ̀n ń ṣiṣẹ́, Dókítà,” ni Màdáámù Lámísì sọ kẹ́lẹ́. “Ẹ wo aṣọ Àlàájì.”

Dókítà Gassán gbé orí sókè, ó wo aṣọ, ó wo ife. “Háà,” ló wí, ó sì jókòó.

Kò sí ẹni tí kò yé. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀, wọ́n á gbé kọfí fún un, á gbé e sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò ní mu ún títí onílé yóò fi sọ pé, “Ẹ mu kọfí yín, ohun tí ẹ bá wá, ẹ ti rí i gbà.” Bí onílé ò bá sọ ọ́, ife á tutù síbẹ̀, àbùkù á sì bá tonílé tàlejò. Bí ẹlẹ́bẹ̀ bá sì ṣi ọwọ́ mu ún kí wọ́n tó dá a lóhùn, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ti bọ́ sómi nìyẹn, kò gbọdọ̀ tún un bẹ̀ mọ́. Ọmọ ẹni tó ń fi èyí jẹun ni mí. Mo sì ṣe tábìlì kọfí fún odidi ọdún kan, mo kọ́ ọ ní dídà, mo kọ́ ọ ní mímu, mo kọ́ ọ ní mímì. Kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan pé ẹnìkan lè gbé ife sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi ni mo fi dán an wò, àwọn yẹn ò sì ní ẹ̀bẹ̀ kankan ju kí n fi ṣúgà sí i lọ.

“Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin olùkọ́,” bàbá mi sọ. “Kọfí ọmọ mi dára. Ṣùgbọ́n mo ní ẹ̀bẹ̀ kan, onílé ni mo sì gbé e wá fún.” Èmi ló ń wò. “Bàbá kì í bẹ ọmọ, ó máa ń pàṣẹ fún un ni. Mo lè pàṣẹ. N ò fẹ́. Mo wá bẹ̀ ọ́ bí àlejò ṣe ń bẹ onílé. Ohun tí mo wá tọrọ, o mọ̀ ọ́n.”

Inú bí mi. N ò ní purọ́, inú bí mi débi pé etí mi ń hó. Ó ti wọ aṣọ yẹn láti ilé! Kò wá wo nǹkan kan. Ó ti mọ ohun tó fẹ́ kó tó gbéra, ọ̀nà tí n ò fi ní lè jà ni ó wá sí. Bó bá pariwo mọ́ mi, èmi náà á pariwo. Bó bá fà mí lọ́wọ́, màá já a gbà. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn ń ṣe sí bàbá rẹ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń bẹ̀ ẹ́?

Mo rìn yí tábìlì ká. Mo tún rìn ín ká. Lùjéínì fà mí láṣọ.

“Jẹ́ kí n lọ bá ẹ mi ife náà.”

“Fọwọ́ kàn án, kí wọ́n lé gbogbo ìran yín kúrò ní Jọ́dánì.”

“Kí lo wá fẹ́ ṣe?”

N ò mọ̀. Bí mo bá ní kó mu ún, mo ti di apòògùn nìyẹn. Bí n ò bá sọ ọ́, ọkùnrin tí kọfí rẹ̀ kò tutù rí nílé ẹnikẹ́ni, iwájú ọmọ ara rẹ̀ ni yóò ti tutù, kò sì ní pẹ́ kí gbogbo Kárákì gbọ́. Ooru tó ń jáde lórí kọfí náà ti ń dín kù. Dókítà Gassán wo aago, ó sọ̀rọ̀ sétí Màdáámù Lámísì. Mo gbọ́ “àwọn tó kù” àti “iṣẹ́ tó dúró”. Mo wo ẹsẹ̀ bàbá mi. Lábẹ́ aṣọ olówó iyebíye yẹn, orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n lọ sókè sódò, bíi tèmi gẹ́lẹ́ bí mo bá wà nínú ìdánwò. Ọkàn òun náà ò balẹ̀. Ó ń bẹ̀rù mi. Ìbínú mi já, ẹkún ló kù.

“Bàbá,” mo ní. Omijé ti ń bọ́ lójú mi. “Ẹ mu—”

Bàbá mi kò lè wo ojú ẹni tó ń sunkún. Kò lè ṣe é láti kékeré wa. Ó yí ojú kúrò lára mi, tábìlì ni ojú rẹ̀ sì bọ́ sí. Mo rí i tí ó rí i. Ó na ọrùn. Ó wo àmì búlúù mẹ́ta náà, ó wo ìka tó wọ́.

“Dúró ná,” ló sọ fún mi. “Ta nìyí?”

“Àlàájà ni.”

“Níbo lo ti rí i?”

“Mo yà á nílé ìdáná, lásìkò tí a ń ká ólífì. Ó ní kí n yé da òun láàmú.”

Ọwọ́ inú fíìmù náà ṣì gbé dálà sókè.

“Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n,” ó ní.

“Dálà yẹn wúwo, Bàbá. Ó ń dúró dè yín ni.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí ẹ ti gbé ife sílẹ̀.”

“Kí ló dé tí kò gbé e sílẹ̀ sinmi?”

“Kò lè gbé e sílẹ̀. Àlejò ò tíì mu.” Mo nu imú. “Ṣé kí n pa á?”

“Pa ta ni?” ó jágbe mọ́ mi, gbogbo gbọ̀ngàn sì ta gìrì.

Mo ti rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ mọ́, mo fẹ́ kí ó tán. Mo gbé orí sókè, mo sọ̀rọ̀ bí onílé. “Bàbá, ẹ mu kọfí yín. Ohun tí ẹ bá wá, ẹ ti—”

“Pa ẹnu mọ́!” Ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni tó fẹ́ dá mọ́tò dúró. “Má sọ ọ́. Ó ti rẹ ìyá mi.”

Ó gbé ife, ó sì mu ún.

Ẹnìkan lẹ́yìn ṣe “áà”. Bàbá àgbàlagbà kan tó bá ọmọ rẹ̀ wá láti Táfílà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí, torí òun náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí: Bàbá Sákírì ti Kárákì, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá mi, mu kọfí láì tíì gba èsì ẹ̀bẹ̀. Bàbá mi fi ìka nu irùngbọ̀n, ó dá ife òfìfo padà sórí idẹ. Ìwọ̀n mọ̀. Irin tẹ̀. Ọwọ́ Àlàájà dáwọ́ gbígbọ̀n dúró, ó da kọfí sí i, díẹ̀ ní ìdí ife, bó ṣe máa ń dà á fún un.

“Wọn kì í dà á kún,” bàbá mi sọ, kò wo ẹnikẹ́ni. “Ìyá mi kì í da kọfí kún ife. Ó ní ẹni tó bá dà á kún ń lé àlejò lọ ni.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” mo ní. “Mo wọ̀n ọ́n.”

Ó mu ún. Ó dá ife padà. Ọwọ́ tún dà á.

“Pe àbúrò mi lórí fóònù,” ó sọ lẹ́yìn náà. “Sọ fún un kó wá ẹlòmíràn sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀.”

“Bàbá—”

“O ò gbọ́ ni? Àlejò kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.”

Dókítà Gassán tún wo aago. Ó ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn wà lẹ́yìn, pé bí Àlàájì bá lè mi ife díẹ̀, kí àwọn rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń parí. Màdáámù Lámísì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“Ẹ jẹ́ kó mu ún, Gassán. Kí ẹ máa lọ wo aṣọ tó ń mú irọ́.”

Wọ́n lọ síbi tábìlì Lùjéínì. Ṣùgbọ́n Lùjéínì ò sí níbẹ̀, ó ti gbé ìkòkò, ó ti sáré lọ se kọfí mìíràn, torí èyí tó wà nínú dálà ti ń lọ sílẹ̀. Mo wá àyè lórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi, mo jókòó. Ìgbà yẹn ni ìdí mi tó gbé ìjókòó lọ́jọ́ náà.

Bàbá mi tún mu ún tán. Ó yí ife náà po lọ́wọ́, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wo ọwọ́ tó gbé dálà sókè tó ń dúró dè é. Kò mì í. Ó tún na ife sí ọwọ́ náà.